Ẹ̀ka mẹ́ta nínú ọgbà kan: bí mo ṣe ń ṣírò iye tí a gbọ́dọ̀ tà kí owó tó jáde

Bí ènìyàn bá ń ta ọjà ẹyọ kan ṣoṣo, ìbéèrè pé "èló ni mo gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí n má baà pàdánù?" kò le rárá. Ẹ kó gbogbo owó tí ẹ máa san bí ẹ tà bí ẹ kò tà jọ, ẹ wo iye tó ń ṣẹ́ kù lára náírà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tà, kí ẹ fi pín in. Ó parí. Àmọ́ nínú àwọn oníṣòwò tí mo ń bá ṣe ìwé owó n'Ìbàdàn, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó ń ta ẹyọ kan. Ẹni tó ń ta síméńtì ń ta irin, ó tún ní ọkọ̀ tó ń fi háyà. Ẹni tó ń ránṣọ ń ta aṣọ, ó tún ń gba ọmọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dojú rú, ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí àwọn tó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ka tó ń bọ́ wọn pa, tí wọ́n lọ ń kówó lé èyí tó ń jẹ wọ́n run.

Èyí tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Alhaja kan tí mo ti ń bá ṣe ìwé owó tipẹ́. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá, búkà sì wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Géètì kan, ọlọ́dẹ kan, máníjà kan, owó ilẹ̀ kan, gbèsè báǹkì kan. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì ti tún àwọn iye owó wọn ṣe kí ó lè rọrùn láti bá mi ṣírò, àmọ́ bí ẹ̀ka kan ṣe ju èkejì lọ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Lóṣù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, búrẹ́dì ta ₦6,000,000, omi ta ₦2,400,000, búkà ta ₦3,600,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12. Lẹ́yìn tí a yọ gbogbo ìnáwó, èrè tó kù jẹ́ ₦260,000. Èrè kékeré lórí ọjà ńlá ni, ohun tó sì ń kó ìdààmú bá Alhaja ni pé kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn iye tí ọjà lè fà sẹ́yìn kí èrè yẹn tó di àdánù.

Àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Owó tí gbogbo ọgbà jọ ń ná, tó jẹ́ ₦1,200,000 lóṣù, ó pín in sórí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tà sí. Búrẹ́dì ru 600,000, omi ru 240,000, búkà ru 360,000. Nínú ìwé rẹ̀, búrẹ́dì jèrè 300,000, omi jèrè 120,000, búkà sì pàdánù 160,000. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti búkà yẹn pa. Òun ló ń jẹ èrè táwọn yòókù ń pa."

Alhaja ránṣẹ́ pè mí. "Akáńtì, ọmọ mi ní kí n ti búkà. Kí ni ìwọ rí sí i?" Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kọ́kọ́ tú owó náà palẹ̀, nítorí pé búkà yẹn, ènìyàn mẹ́jọ ló ń jẹun lára rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí a fi ìṣirò tí kò tíì gún sọ wọ́n sí ìgboro.

Nígbà tí òwò bá ní ẹ̀ka, ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín ìnáwó sí. Àkọ́kọ́ ni owó tó ń bá ọjà rìn: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, náílọ̀n, ẹran, ìrẹsì, gáàsì. Bí a kò bá ṣe ọjà lónìí, a ò ní ná an. Èkejì ni owó àdáni ẹ̀ka: owó oṣù àwọn tó ń po fúláwà, àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá omi, owó àyẹ̀wò omi àti ìwé NAFDAC, owó oṣù àwọn tó ń dáná ní búkà. Kì í tẹ̀ lé ọjà lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n bí a bá ti ẹ̀ka náà pa, á bá a lọ. Ẹ̀kẹta ni owó àjọni: owó ilẹ̀, ọlọ́dẹ, máníjà, èlé báǹkì, owó tèmi náà. Bí wọ́n bá ti búkà lọ́la, ọlọ́dẹ á ṣì gba owó oṣù rẹ̀ kíkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń ya èkejì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kẹta: bí a bá ti ẹ̀ka yìí pa, ṣé owó yìí máa bá a lọ ni àbí ó máa dúró tì wá?

Ohun tó gba àkókò jù lọ́wọ́ mi ni láti mọ iye tó ń ṣẹ́ kù gan-an lára náírà kan. Ìwé tí olórí àwọn bẹ́kà fún mi sọ pé àpò fúláwà 50 kílò kan ń bí búrẹ́dì ńlá 104, àti pé 35 kọ́bọ̀ ló ń ṣẹ́ kù lára náírà búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Mo lọ dúró tì wọ́n lóru. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé e, mo ń wo bí abẹ ṣe ń já fúláwà pípò náà, bí ẹnì kan ṣe ń ju ìṣù kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, tó ń já díẹ̀ kúrò, tó ń lẹ díẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹlòmíì ṣe ń yí i tó ń tẹ́ ẹ sínú páànù tí wọ́n ti fi òróró pa. Lẹ́yìn tó wú, tó wọ ààrò, tó sì jáde, mo kà á. Àwọn kan jó nídìí. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ páànù, wọ́n ya. Àwọn òṣìṣẹ́ mú tiwọn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì dé, ẹni tó bá kó púpọ̀ ń gba ènì. Búrẹ́dì 97 ló di owó. Owó tí àpò yẹn ná wa kò dín rárá, ṣùgbọ́n búrẹ́dì méje ti lọ, 35 kọ́bọ̀ tó wà nínú ìwé sì ti di nǹkan bí 30.

Mi ò ní kí wọ́n fagi lé ènì o. Ìyá oníbúrẹ́dì tí kò bá rí ènì gbà á wá ibòmíì lọ, a sì máa pàdánù ju ènì lọ. Ṣùgbọ́n ènì jẹ́ owó tó ń bá ọjà rìn, ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí iye tó ń ṣẹ́ kù lára náírà kò bá tọ́, gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e kò lè tọ́, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe é dára tó.

Owó iná ti gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, inú owó àjọni ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kò sì bìkítà. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó iná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan, àdúgbò wa sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà, owó iná di ohun tó lè yí ìdájọ́ padà. Mo rọ Alhaja kí wọ́n ra mítà kékeré mẹ́ta, kí oníná so ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ló rò pé ẹ̀rọ omi ló ń jẹ iná jù, nítorí òun ló ń pariwo jù. Mítà fi hàn wá pé fírísà méjì tó wà ní búkà, tí wọn kì í pa tọ̀sán tòru, ń jẹ iná ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Bí owó iná ṣe kúrò nínú owó àjọni nìyẹn. Ti omi bọ́ sínú owó tó ń bá ọjà rìn, torí bí a bá ṣe ń fa omi tó ni iná ṣe ń jó tó. Ti fírísà bọ́ sínú owó àdáni búkà, torí fírísà kò mọ̀ bóyá a tà tàbí a ò tà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò ní fi falẹ̀: búkà ń gba omi àti búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka méjì yòókù. Bí wọ́n bá ń kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́, búkà á máa dà bí ẹni tó ń jèrè lórí òógùn ẹlòmíì. Iye tí à ń tà á fún àwọn tó ń wá kó ọjà ni mo ń kọ sílẹ̀ fún wọn, mo sì ń yọ ọ́ kúrò nígbà tí mo bá ń ro títà gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀, kí owó kan má baà di méjì nínú ìwé.

Nígbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ tán, ohun tí mo bá nílẹ̀ nìyí. Lára náírà kọ̀ọ̀kan tí búrẹ́dì bá tà, 30 kọ́bọ̀ ló ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó tó ń bá ọjà rìn. Ti omi jẹ́ 40 kọ́bọ̀. Ti búkà jẹ́ 25 kọ́bọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì mú ₦1,800,000 wá lóṣù yẹn, omi mú ₦960,000, búkà mú ₦900,000. Owó àdáni búrẹ́dì jẹ́ ₦900,000, ti omi ₦600,000, ti búkà ₦700,000. Ẹ yọ ọ́, búrẹ́dì fi 900,000 sílẹ̀ fún ọgbà, omi fi 360,000 sílẹ̀, búkà fi 200,000 sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,460,000. Ẹ wá yọ owó àjọni, mílíọ̀nù 1.2, ó ku ₦260,000 tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Búkà tí wọ́n fẹ́ tì pa ń gbé ₦200,000 wá sínú àpò gbogbogbò lóṣooṣù. ₦360,000 tí ọmọ Alhaja gbé lé e lórí jẹ́ owó ilẹ̀, ọlọ́dẹ àti báǹkì, a sì máa san án bí búkà wà bí kò sí. Bí wọ́n bá tì í pa, ₦200,000 yẹn á lọ, owó àjọni ò ní dín kọ́bọ̀ kan, èrè ilé-iṣẹ́ á já láti 260,000 sí 60,000. Mo sì fi èyí tó burú jù han Alhaja. Lẹ́yìn tí búkà bá ti lọ, tí a bá tún pín mílíọ̀nù 1.2 sórí ẹ̀ka méjì tó kù lọ́nà kan náà, èrè búrẹ́dì á di ₦42,857, ti omi á di ₦17,143. Oṣù òjò kan ṣoṣo tí omi ò bá tà dáadáa, ìwé á ní omi náà ń pàdánù, ẹnì kan á sì tún ní kí wọ́n ti òun náà pa. Bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni tú ilé-iṣẹ́ ká ní ẹyọ ẹyọ nìyẹn.

Alhaja dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n pe ọmọ wọn lórí fóònù kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó dára gan-an: "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa san owó ọlọ́dẹ? Bí ẹ ò bá gbé e lé ẹ̀ka kankan lórí, ṣé ẹ ò ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn?"

Ìdáhùn rẹ̀ ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: iye méjì ni òwò tó ní ẹ̀ka gbọ́dọ̀ mọ̀, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Iye kan wà fún ẹ̀ka, iye kan wà fún ilé-iṣẹ́.

Ti ẹ̀ka, owó àdáni rẹ̀ nìkan la máa fi ṣe é. Búrẹ́dì: 900,000, a fi 0.30 pín in, ó jẹ́ mílíọ̀nù 3. Omi: 600,000, a fi 0.40 pín in, ó jẹ́ mílíọ̀nù 1.5. Búkà: 700,000, a fi 0.25 pín in, ó jẹ́ mílíọ̀nù 2.8. Bí ẹ̀ka kan bá ń tà ní ìsàlẹ̀ iye yìí lóṣooṣù tí kò sì sí ìrètí pé ó máa gòkè, a lè wá jókòó sọ̀rọ̀ lórí títì pa. Bó bá ti kọjá iye yìí, ó ń ran ọgbà lọ́wọ́, bó ti wù kí ìrànlọ́wọ́ náà kéré tó. Búkà ta mílíọ̀nù 3.6, iye tirẹ̀ sì jẹ́ 2.8.

Máníjà, tó jókòó tì wá, yára ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. "Ó túmọ̀ sí pé mílíọ̀nù 7.3 ni a gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí a má baà pàdánù." Mo ti rí ìrònú yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kódà lọ́wọ́ àwọn tó kàwé ìṣirò owó nílé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì léwu. Ká ní a ta mílíọ̀nù 7.3 gẹ́lẹ́, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dé ojú iye tirẹ̀. Búrẹ́dì ti san owó àwọn bẹ́kà, omi ti san owó àwọn tó ń lẹ ọ̀rá, búkà ti san owó àwọn tó ń dáná, kò sì sí kọ́bọ̀ tó ṣẹ́ kù. Ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì. Onílẹ̀ ń retí owó rẹ̀. Báǹkì ti fa èlé tirẹ̀ yọ. Àdánù wa lóṣù yẹn á jẹ́ mílíọ̀nù 1.2 gẹ́lẹ́, ìyẹn gbogbo owó àjọni. Ibí yìí ni owó tí ọmọ Alhaja bẹ̀rù pé a máa gbàgbé ti ń fojú hàn.

Ti ilé-iṣẹ́, gbogbo owó tí kì í bá ọjà rìn la máa kó jọ, àdáni àti àjọni: 2,200,000 pẹ̀lú 1,200,000, ó jẹ́ ₦3,400,000. Èyí tó ṣẹ́ kù lára mílíọ̀nù 12 tí a tà jẹ́ ₦3,660,000, ìyẹn 30.5 kọ́bọ̀ lára náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 0.305 pín 3,400,000, ẹ máa rí ₦11,147,541. Iye tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tà nìyẹn. Láàárín mílíọ̀nù 7.3 àti mílíọ̀nù 11.15, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa "jèrè" nínú ìwé tirẹ̀, kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa yan fanda, kí owó Alhaja sì máa gbẹ lọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òwò ẹlẹ́ka púpọ̀ wà ní ìlú wa lónìí, tí ẹni tó ni ín ò sì mọ ìdí tí òun fi ń yáwó san owó oṣù nígbà tí gbogbo ẹ̀ka ń sọ pé àwọn ń jèrè.

A ta mílíọ̀nù 12, iye tó gbà wá là jẹ́ 11.15. Bí ọjà bá fà sẹ́yìn ní ju kọ́bọ̀ méje lọ nínú náírà kan, a ti wọ inú àdánù. Alhaja ní kí n kọ iye yẹn gàdàgbà sára ògiri ọ́fíìsì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé iye náà kò ní dúró sójú kan.

Ìdí ni pé 11.15 yẹn gbà pé 50 kọ́bọ̀ nínú gbogbo náírà tí a bá tà á wá láti ọ̀dọ̀ búrẹ́dì, 20 láti ọ̀dọ̀ omi, 30 láti ọ̀dọ̀ búkà. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóṣù yẹn. Àmọ́ ọjà kì í bá wa ṣe àdéhùn. Nígbà òjò, omi á fà sẹ́yìn. Nígbà ààwẹ̀, búkà á pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án. Ìgbà kan wà tí àwọn tó ń ṣe títì pàgọ́ sí tòsí wa, tí búkà kún fọ́fọ́, tí wọ́n ta mílíọ̀nù 6 lóṣù láìgba òṣìṣẹ́ kún un. Lóṣù náà gan-an, bẹ́kìrì tuntun kan ṣí ní òpópónà kejì, búrẹ́dì wa já sí mílíọ̀nù 4.5, òjò sì mú omi wá sí 1.5. Ẹ rò ó: mílíọ̀nù 12 náà ni. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì mú 1,350,000 wá, omi mú 600,000, búkà mú 1,500,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,450,000. Ẹ yọ 3,400,000, èrè ku ₦50,000. Alhaja ní, "Ọjà ò dín, èrè wá dà?" Èrè ti lọ nítorí pé a kúrò lórí náírà tó ń fi 30 àti 40 sílẹ̀, a bọ́ sórí náírà tó ń fi 25 sílẹ̀. Iye tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tà lóṣù yẹn ti kúrò ní 11.15, ó ti di ₦11,826,087. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún un ṣírò lóṣooṣù, tí mo sì ń fi bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe tà sí gan-an ṣe é.

Alhaja kò gbàgbé ọdún 2023. Lóṣù karùn-ún ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lóṣù kẹfà ni CBN jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà fúnra rẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n bi mí pé bí fúláwà bá tún gbéra bẹ́ẹ̀, ibo la máa wà? Mo ní ká fi ṣe é pé 30 kọ́bọ̀ búrẹ́dì di 24. Iye tí búrẹ́dì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tà á kúrò ní mílíọ̀nù 3, á di 3.75. Búrẹ́dì ṣì ń ta mílíọ̀nù 6, nítorí náà ẹ̀ka yẹn kò tíì sí nínú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-iṣẹ́: ohun tó ṣẹ́ kù á já sí 3,300,000, ìyẹn 27.5 kọ́bọ̀ lára náírà kan, iye tí a gbọ́dọ̀ tà á sì gòkè dé ₦12,363,636. Oníbàárà kan ò lọ, búrẹ́dì kan ò dín, síbẹ̀ mílíọ̀nù 12 tó ń gbé èrè wá ti di àdánù ₦100,000.

Kí búrẹ́dì tó lè mú 1,800,000 rẹ̀ padà wá, a ní láti fi 6 kọ́bọ̀ kún orí náírà kọ̀ọ̀kan tí à ń tà á, bí iye tí wọ́n ń rà kò bá dín. Àwọn bẹ́kà kan á dín ìwọ̀n rẹ̀ kù dípò kí wọ́n fi owó kún un. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ oníbàárà mọ ìwúwo búrẹ́dì tó ń rà lójoojúmọ́. Èyí ó wù kí Alhaja yàn, wọ́n ní láti mọ 6 kọ́bọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí fúláwà bá gbówó lórí, kí ó má ṣe jẹ́ pé ìparí oṣù ni wọ́n tó máa mọ̀.

Ní tòótọ́, ibi tí ìṣirò yìí ti wúlò jù fún wa ni orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Olórí ẹ̀ka omi fẹ́ kí Alhaja ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan kí wọ́n lè máa gbé omi lọ bá àwọn onísọ́ọ̀bù. Àpò omi kan jẹ́ ₦300 nígbà náà, àpò 8,000 ni a sì ń tà lóṣù. Owó dírẹ́bà, àtúnṣe àti owó tí a máa máa san padà lórí ọkọ̀ náà máa jẹ́ ₦180,000 lóṣù. Epo á jẹ 4 kọ́bọ̀ nínú 40 tó ń ṣẹ́ kù, á ku 36. Ẹ fi 0.36 pín 180,000: omi ní láti ta ₦500,000 sí i lóṣù kí ọkọ̀ tó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ìyẹn àpò 1,667, nǹkan bí 65 lójúmọ́ bí a bá ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26. Owó àjọni ò wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí ọkọ̀ kò fi kọ́bọ̀ kún un.

Alhaja pe ọ̀gá omi. "Ṣé a máa rí ẹni gba àpò 65 sí i lójúmọ́?" Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà òjò, kò dá òun lójú.

Mo ní ká wo ọ̀nà kejì. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wà ní ìkóríta tó ń gba ₦25 lórí àpò kan. 40 kọ́bọ̀ lára ₦300 jẹ́ ₦120; bí a bá fi kẹ̀kẹ́ gbé e, ₦95 ló ń ṣẹ́ kù lára àpò kan. Bí a bá fi ọkọ̀ tiwa gbé e, ₦108. Ọkọ̀ fi ₦13 ju kẹ̀kẹ́ lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó máa gba ₦180,000 lóṣù bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Ẹ fi 13 pín 180,000. A ní láti máa gbé àpò 13,846 lóṣù kí ọkọ̀ tó sàn ju kẹ̀kẹ́ lọ, nígbà tí gbogbo àpò tí à ń tà ò ju 8,000 lọ.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tì síbẹ̀. A bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ méjì ṣe àdéhùn, wọ́n ń gba owó wọn lórí iye àpò tí wọ́n bá gbé, a sì gbà pé lọ́jọ́ tí omi tí à ń gbé fún àwọn onísọ́ọ̀bù bá sún mọ́ 13,000 lóṣù, a máa tún jókòó lórí rẹ̀.